Wàrà òfíò, wàrà kajú àti bọ́tà ẹ̀pà: bí a ṣe ń fi blẹ́ńdà ilé ṣe wọ́n

Blẹ́ńdà tí ẹ fi ń lọ ata nílé lè ṣe wàrà òfíò, ó sì lè ṣe bọ́tà ẹ̀pà. Ohun méjì ló sábà máa ń ba iṣẹ́ náà jẹ́: omi àti ooru. Wàrà kò ṣeé ṣe láìsí omi, ṣùgbọ́n bọ́tà kò fẹ́ omi rárá. Ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù sára ife tí a kò nù dáadáa ti tó láti sọ ọ́ di ṣíṣù. Ooru náà ń kọ́? Ẹ̀pà nílò rẹ̀ kí òróró rẹ̀ tó jáde, wàrà òfíò kò fẹ́ ẹ sétí, ẹ́ńjìnnì blẹ́ńdà ní tirẹ̀ lè jóná nítorí rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti wúlò àti ibi tí wọn kò ti wúlò, iṣẹ́ ti bùṣe.

Ife tí a ń lò níhìn-ín gba mílílítà 250. Òfíò gbígbẹ tàbí ẹ̀pà tútù tó kún un máa ń tó gíráàmù 150.

Blẹ́ńdà yín

Jọ́ọ̀gì ńlá ni ti wàrà. Ife kékeré tó bá a wá, èyí tí a fi ń lọ ẹ̀gúsí àti ata gbígbẹ, ni ti bọ́tà. Bíléèdì ife yẹn tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì sún mọ́ ìdí, nítorí náà ẹ̀pà kò ríbi sá sí. Tí ẹ bá da ẹ̀pà díẹ̀ sínú jọ́ọ̀gì ńlá, yóò lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́, bíléèdì á wá máa yí lófìfo. Blẹ́ńdà onwáàtì 350 tàbí 400 tó ṣe gbogbo ohun tí a fẹ́ sọ yìí, àfi pé ó máa ń fẹ́ ìsinmi ju èyí tó lágbára lọ.

Ẹ tú bíléèdì, ẹ yọ rọ́bà tó wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ̀ ọ́, kí ẹ sá a sí oòrùn. Abẹ́ rọ́bà yẹn ni òórùn ata àti àlùbọ́sà ń sá pamọ́ sí, ibẹ̀ náà ló sì ti ń wọnú wàrà. Tí òórùn náà bá ṣì kù, ẹ lọ ẹ̀kúnwọ́ ìrẹsì gbígbẹ kan nínú ife náà, ẹ dà á nù, ẹ tún fi aṣọ gbígbẹ nù ún.

Ọ̀rọ̀ iná ṣe pàtàkì. Nígbà tí iná kò bá tó, tí gílóòbù ń pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ẹ́ńjìnnì kì í lè yí bó ṣe yẹ, gbígbóná ló máa ń gbóná. Ẹ dúró de iná gidi. Bẹ́ẹ̀ náà ni blẹ́ńdà tí ẹbí fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà: fóòtì 120 ni wọ́n ṣe é fún, iná tiwa sì jẹ́ 230 sí 240. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí abẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó kì í bọ iná.

Wàrà òfíò

Òfíò kì í ṣe ẹbí ẹ̀pà rárá. Iṣu kéékèèké ni, tó ń ta sábẹ́ ilẹ̀ lára koríko kan. Àwọn Hausa ń pè é ní aya. Ní Valencia ní orílẹ̀-èdè Sípéènì, chufa ni wọ́n ń pè é, òun sì ni wọ́n fi ń ṣe horchata wọn. Nítorí pé inú ilẹ̀ la ti ń wa á, iyanrìn máa ń há sínú awọ rẹ̀ tó hunjọ, òkúta wẹẹrẹ tó jọ ọ́ láwọ̀ àti ní ìtóbi sì máa ń bá a wá láti ọjà. Ẹ wá òfíò gbígbẹ ife 2, ẹ dà á sórí atẹ funfun níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀, ẹ ṣa á lọ́kọ̀ọ̀kan. Òkúta kan ṣoṣo ti tó láti ká bíléèdì lẹ́nu. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á nínú omi, bí ẹni ń bó ẹ̀wà àkàrà, ẹ da omi náà nù, kí ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí lẹ́ẹ̀marùn-ún títí omi yóò fi mọ́.

Ẹ rẹ ẹ́ fún wákàtí 24. Kí omi ga jù ú lọ ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà. Nínú ooru ilẹ̀ wa, omi tí a fi sílẹ̀ mọ́jú láìpààrọ̀ máa ń kan, wàrà náà á sì ti kan kí a tó lọ̀ ọ́. Òfíò tútù kò nílò ju wákàtí 2 lọ. Kí ẹ lè mọ̀ pé ó ti mu omi tó, ẹ gé ẹyọ kan sí méjì. Tí awọ rẹ̀ ti nà, tí inú rẹ̀ funfun látòkè dé àárín, tí kò sí ojú gbígbẹ kankan níbẹ̀, ó tó. Tí eyín bá ṣì ń jà kó tó gé e, ẹ fi í sílẹ̀ síi.

Nígbà tó bá rọ̀, ẹ da omi híhó lé e lórí, ẹ kà dé 60, ẹ da omi náà nù, kí ẹ fi omi tútù ṣan án. Èyí máa ń dín kòkòrò àìfojúrí ara awọ rẹ̀ kù. Ẹ má bẹ̀rù pé ó máa dì: odindi ló ṣì wà, sítáàṣì rẹ̀ kò tíì jáde.

Àwọn nǹkan tó máa bá a lọ nìyí: dàbínò 6 sí 8 tí ẹ ti yọ kóró rẹ̀, tí ẹ sì ti rẹ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ìlàjì àgbọn tí ẹ gé wẹ́wẹ́, atalẹ̀ tó tó ìwọ̀n oríkèé àtàǹpàkò kan, iyọ̀ fín-ín-fín-ín. Omi ife 6 ni gbogbo rẹ̀, kó jẹ́ omi tí ẹ ti sè tó sì ti tutù, tàbí omi tí ẹ ń mu. Ẹ má da ife mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú omi púpọ̀, òfíò máa ń léfòó, ó ń sá fún bíléèdì, ìdajì adùn rẹ̀ á sì bá èèrí lọ. Ife 3 ni ẹ kọ́kọ́ máa lò. Ẹ pín gbogbo rẹ̀ sí ọ̀nà méjì kí jọ́ọ̀gì má bàa kún kọjá ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ẹ lọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú kan, ẹ jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú kan, lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ bu díẹ̀ sí àárín ìka: ó yẹ kó dà bí ògì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ tí a kò tíì sẹ́.

Aṣọ asẹ́ ògì ló dára jù fún sísẹ́ rẹ̀. Asẹ́ oníwáyà máa ń jẹ́ kí èèrí kọjá, wàrà náà á sì máa há lọ́fun. Ẹ fún un dáadáa. Ẹ dá èèrí padà sínú jọ́ọ̀gì, ẹ fi ife omi 2 lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ sẹ́ ẹ. Ife omi tó kù ni kí ẹ fi ṣan jọ́ọ̀gì, kí ẹ dà á gba orí èèrí kọjá, kí ẹ fún un ìgbẹ̀yìn. Ohun tí ẹ máa rí á tó ife 5 tàbí díẹ̀ sí i.

Tó bá ti jókòó fún ogún ìṣẹ́jú, ohun funfun kan máa silẹ̀ sí ìdí rẹ̀. Sítáàṣì nìyẹn, kò bàjẹ́. Ẹni tó fẹ́ kó ki, kó gbọ̀n ọ́n pọ̀ kó tó mu ún. Ẹni tó fẹ́ kó fúyẹ́, kó rọra da òkè rẹ̀ sínú ìgò, kó fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sílẹ̀. Sítáàṣì yìí náà ló fà á tí a fi ń sọ pé kí ẹ má gbé wàrà òfíò ka iná: tó bá ti ń súnmọ́ ìwọ̀n 70 lórí tẹ̀mómítà Celsius, yóò dì bí ògì ṣe ń di ẹ̀kọ.

Nítorí pé a kò sè é, kò ní ìfaradà. Kó wọ fíríìjì lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mu ún tán láàárín ọjọ́ 2. Níta, kó má kọjá wákàtí 2. Tí ìdérí ìgò bá ta pọ́ọ̀ nígbà tí ẹ ṣí i, tàbí tó ń fà bí emu, ẹ dà á nù. Níbi tí iná kì í ti í dúró, ẹ ṣe ìdajì ìwọ̀n yìí, tàbí kí ẹ pọn ọ́n sínú ìgò kéékèèké, kí ẹ sọ wọ́n di yìnyín nínú fírísà, kí ẹ máa yọ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èèrí rẹ̀ kò yẹ ní ohun tí à ń dà nù. Ẹ sá a gbẹ tàbí kí ẹ yan án lórí iná díẹ̀, kí ẹ fi dípò ìdá kan nínú mẹ́rin fúláwà nígbà tí ẹ bá fẹ́ ṣe bọ́ǹsì.

Kajú, ẹ̀pà, àgbọn

Kajú ló rọrùn jù nínú gbogbo wọn, kò sì ní èèrí. Ẹ rẹ ife kajú 1 tí wọn kò yan, tí kò ní iyọ̀, fún wákàtí 3 tàbí 4. Tí ẹ bá ń kánjú, ẹ da omi gbígbóná lé e kó wà níbẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ da omi náà nù. Ẹ fi ife omi 1 lọ̀ ọ́ títí yóò fi kúnná, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá fi ife 3 tó kù là á. Kò nílò asẹ́ tí blẹ́ńdà yín bá mú. Ẹ̀yin tí ẹ wà nítòsí Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ibòmíràn tí kajú ti pọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fọ́ kóró rẹ̀ tó ṣì wà nínú èèpo fúnra yín nílé. Òróró tó wà nínú èèpo yẹn máa ń jó awọ ara bí iná, èéfín rẹ̀ náà sì léwu nígbà tí a bá ń sun ún. Èyí tí wọ́n ti yọ kúrò nínú èèpo ni kí ẹ rà.

Wàrà ẹ̀pà gba sùúrù, torí ẹ̀pà tútù ní adùn kan tó jọ ti ẹ̀wà àìjinná, tí kò bá wàrà mu. Ooru ló ń lé e lọ. Ẹ se ẹ̀pà tútù ife 2 fún ìṣẹ́jú 10, ẹ da omi rẹ̀ nù, ẹ bó èèpo rẹ̀, kí ẹ sì rẹ ẹ́ mọ́jú nínú fíríìjì. Ẹ fi ife omi 6 lọ̀ ọ́ ní ìlànà òfíò, ẹ sẹ́ ẹ. Èyí ni ẹ máa wá gbé kaná. Kó hó fún ìṣẹ́jú 10 sí 15 lórí iná kékeré, kí orógùn má kúrò nídìí ìkòkò, nítorí ó máa ń lẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì máa ń ru gùdù dà sórí sítóòfù bí ẹ bá yíjú. Kí ìkòkò tóbi tó ìlọ́po méjì ohun tó wà nínú rẹ̀. Tó bá tutù tó wọ fíríìjì, ó ń lo ọjọ́ 3.

Fún àgbọn, omi tí ọwọ́ lè gbà lára ni kí ẹ lò, ife 3 sí àgbọn ńlá kan. Omi híhó kọ́ o: ooru rẹ̀ máa ń gbá ìdérí blẹ́ńdà dànù, ó sì lè bó ènìyàn lójú. Tí ọ̀rá funfun bá dì sókè nínú fíríìjì, òróró àgbọn ni, ẹ gbé e sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ gbọ̀n ọ́n. Álímọ́ńdì ń tẹ̀lé ìlànà òfíò, àmọ́ wákàtí 8 sí 12 ti tó fún rírẹ rẹ̀. Èso igi òjìji tí a ń pè ní fúrúùtù, tí àwọn kan ń pè ní álímọ́ńdì, kì í ṣe ọ̀kan náà. Kóró inú rẹ̀ ṣeé jẹ, ṣùgbọ́n ó kéré débi pé ẹ máa fọ́ ọ títí ilẹ̀ á fi ṣú kí ife kan tó kún.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, ọmú ìyá rẹ̀ tàbí wàrà ọmọ ọwọ́ tí dókítà fọwọ́ sí ni tirẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tó lè dípò rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì wà nínú ilé tí ẹ̀pà tàbí kajú kì í bá lára mu, kó ní blẹ́ńdà tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Bọ́tà ẹ̀pà

Iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ láti orí ṣíṣà. Ẹ wá ẹ̀pà gíráàmù 500, kí ẹ yọ gbogbo èyí tó hunjọ, tó dúdú, tó ní àwọ̀ ewéko tàbí ti eruku lára, àti èyí tó bá korò. Olú kan tó ń jẹ́ Aspergillus ló máa ń bu sára ẹ̀pà tí kò gbẹ dáadáa, ó sì máa ń fi májèlé aflatoxin sílẹ̀, èyí tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ tó sì lè fa jẹjẹrẹ ibẹ̀. Ní 1960, tòlótòló tó lé ní 100,000 kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí oúnjẹ ẹran tí wọ́n fi irú ẹ̀pà bẹ́ẹ̀ láti Bràsíl ṣe. Ọ̀rọ̀ wọn ló mú kí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì dá májèlé náà mọ̀. Yíyan kì í pa á tán. Ojú àti ọwọ́ yín ni oògùn rẹ̀, nítorí náà ẹ má ra ẹ̀pà ṣíṣàkù nítorí pé ó pọ́ọ́kú.

Ẹ yan án nínú agbada tó nípọn, lórí iná kékeré, fún ìṣẹ́jú 20 sí 25, kí ẹ máa rò ó láìdáwọ́ dúró. Ní ti ófùnù, ìwọ̀n 165, ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ yíyan nínú iyanrìn tàbí iyọ̀. Ooru á yí ẹ̀pà ká bákan náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n fún bọ́tà a ò fẹ́ iyanrìn rárá, nítorí ẹyọ kan tó bá lẹ̀ mọ́ èèpo, eyín ló máa bá pàdé. Ẹ la ẹyọ kan sí méjì: inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti kúrò ní funfun, kó rí bí àwọ̀ búrẹ́dì tí a yan fẹ́ẹ́rẹ́. Kí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ kó tó pọ́n bí ẹ ṣe fẹ́, nítorí ooru inú rẹ̀ á ṣì máa yan án lẹ́yìn tó kúrò lórí iná. Ẹ bó o, ẹ fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù lórí atẹ.

Ẹ̀pà inú ìgò tí wọ́n ń tà lójú títì náà ṣeé lò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti fi omi iyọ̀ pa á kí wọ́n tó yan án, nítorí náà ẹ má fi iyọ̀ mìíràn sí i, kí ẹ sì gbé e sórí iná kékeré fún ìṣẹ́jú 5 kó lè gbóná kó sì gbẹ.

Kó ṣì máa lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí ẹ lọ̀ ọ́. Kó má gbóná débi tó ń mú oru, nítorí oru yẹn á di omi lára ìdérí. Ìdajì ife kékeré blẹ́ńdà ni kí ẹ dà sí i lẹ́ẹ̀kan. Ìṣẹ́jú àáyá 30 fún lílọ̀, ìṣẹ́jú kan fún ìsinmi.

Níbẹ̀rẹ̀, ariwo á pọ̀, ẹ̀pà á máa lu ara ife. Kò pẹ́, á di ìyẹ̀fun gbígbẹ bí ẹlùbọ́. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń gbé òróró, àwọn mìíràn a tilẹ̀ bu omi sí i. Ẹ dákun, ẹ mú sùúrù. Ẹ yọ ife kúrò lórí ẹ́ńjìnnì, ẹ ṣí i, ẹ fi ṣíbí onírọ́bà ha èyí tó dì mọ́ ìdí àti ẹ̀gbẹ́, ẹ tún lọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ìlọ̀ bíi mẹ́rin, ìyẹ̀fun á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ra bí iyanrìn tútù tí ọmọdé fi ń kọ́lé, ariwo á sì lọ sílẹ̀. Ó lè wá ṣù jọ bí òkèlè, kí bíléèdì máa yí lábẹ́ rẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Ẹ fọ́ òkèlè náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Ẹ wo ojú rẹ̀ dáadáa nísinsìnyí: ó ti ń dán. Òróró ti ń jáde nìyẹn, nítorí ẹ̀pà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì òróró nínú ara rẹ̀. Ní ìlọ̀ méjì tàbí mẹ́ta sí i, yóò rọ̀ lójijì, yóò máa yí po bí ẹ̀kọ lórí iná, ihò kékeré kan á sì lu sí àárín rẹ̀ níbi tí bíléèdì ti ń fà á sísàlẹ̀. Ẹ fi ahọ́n tẹ díẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Tó bá ṣì ń rin bí iyanrìn, ẹ máa lọ̀ ọ́ lọ. Ìlọ̀ 12 sí 20 ni gbogbo rẹ̀ sábà máa ń jẹ́.

Láàárín ìlọ̀, ẹ máa gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara ẹ́ńjìnnì. Tí ọwọ́ kò bá lè dúró níbẹ̀, ẹ pa á fún ìṣẹ́jú 10. Tí òórùn wáyà jíjó bá jáde, tàbí tó dákẹ́ fúnra rẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iná, ó kéré tán fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Àwọn blẹ́ńdà kan ní ohun tó ń pa wọ́n tí wọ́n bá gbóná jù, wọn kò tíì bàjẹ́.

Iyọ̀ ìlàjì ṣíbí tíì tó fún gíráàmù 500. Ṣúgà, bí ẹ bá fẹ́ ẹ, kó jẹ́ ṣíbí ìjẹun kan tí ẹ ti lọ̀ ní gbígbẹ di lẹ́búlẹ́bú. Ẹ má fi oyin sí i nínú blẹ́ńdà: omi wà nínú oyin, ẹ̀pà tó ń ṣàn bí òróró á dì gan-an lójú ẹsẹ̀, ẹ́ńjìnnì á sì máa kérora. Ẹni tó fẹ́ oyin, kó dà á sórí búrẹ́dì rẹ̀. Fún bọ́tà oníwóro, ẹ yọ ẹ̀pà ìlàjì ife sọ́tọ̀, ẹ gún un wẹ́wẹ́, ẹ pò ó mọ́ ọn níkẹyìn.

Tó bá dì nítorí omi, ẹ má da òróró lé e lórí títí. Kò ní padà di bọ́tà. Ẹ fi omi gbígbóná là á díẹ̀díẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sínú ọbẹ̀ ẹ̀pà, kò sì ní jẹ́ òfò. Tó bá jẹ́ gbígbẹ ló gbẹ, tó kọ̀ tí kò ṣàn lẹ́yìn ìlọ̀ 15, ẹ̀pà náà ti pẹ́ tàbí kò yan tó. Òróró ẹ̀pà ṣíbí ìjẹun kan ni kí ẹ fi kún un, kó má kọjá 2 fún gíráàmù 500. Kajú ṣeé ṣe báyìí náà, àfi pé ó fẹ́ràn ṣíbí òróró àgbọn kan. Yánmọtí pẹ̀lú: ìṣẹ́jú 5 péré ni yíyan rẹ̀, nítorí ó tètè ń jóná. Àsálà tí a sè ni ẹ kò lè lò, omi pọ̀ nínú rẹ̀ jù.

Ìgò tó gbẹ táútáú ni kí ẹ rọ ọ́ sí, ṣíbí gbígbẹ sì ni kí ẹ máa fi bù ú. Á lo bí oṣù kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó tutù, oṣù mẹ́ta nínú fíríìjì. Òróró á léfòó sí orí rẹ̀ nítorí pé kò sí ohun tí a fi dì í mú. Ẹ dojú ìgò náà délẹ̀ lóru kan, kí ẹ rò ó pọ̀ láàárọ̀. Tí òórùn rẹ̀ bá ti yí padà di ti òróró tó ti pẹ́, ẹ má jẹ ẹ́ mọ́.

Ní ti ife blẹ́ńdà tí bọ́tà ṣì dì mọ́ lára, ẹ má tíì gbé e lọ síbi ìfọ̀wo. Ẹ da omi ife kan tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i, ẹ dé e pa, ẹ lọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 20, kí ẹ dà á sínú ògì tó wà lórí iná. Ife náà á ti mọ́ dé ìdajì, ògì á sì funfun bí ẹni pé ẹ da mílíìkì sí i.